Màmá Ẹ-Má-Tíì-Pa-Á, Ẹni Tó Ń Wádìí Ohun Tó Ń Mú Kọ̀ǹpútà Dákú

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ bá wa dárò, ọdún 1954 ni a bí ìyá wa, nínú ilé alájà méjì tó kọjú sí ilé ìfọṣọ kan. Káfíńtà ni bàbá wọn. Ìyá wọn ló ń bójú tó ilé ìfọṣọ náà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sọ fún wa pé láti kékeré ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu wọn. Bí àga bá ṣẹ́ nílé, àwọn ọmọ yòókù á sá, ìyá wa á dúró ti bàbá wọn, wọ́n á ní: “Bàbá, ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ yẹ̀?”

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1972, wọ́n sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ní kíláàsì wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ni àwọn wá kọ́, àwọn ò wá fún ìwòran.

Ní 1979, wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ jíọ́gíráfì. Bàbá wa máa ń yangàn pé kò sí odò tí àwọn ò mọ̀ láyé. Ìyá wa á dáhùn pé ọ̀nà ilé ìdáná nìkan ni kò hàn sí wọn.

Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n lọ kọ́ ọ, nígbà tó sì di 1994, wọ́n di ọ̀gá ẹ̀ka tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìnagijẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú, tí ojú rẹ̀ di búlúù, tí kóòdù, nọ́ńbà tó ń sọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ, sì hàn níbẹ̀, àwọn èèyàn á sáré pa á, wọ́n á tún un tàn, kóòdù á sì bá a lọ. Ìyá wa á ké lórí fóònù pé: “Ẹ má tíì pa á! Ẹ kà á fún mi ná!” Orúkọ náà mọ́ wọn lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń já àwọn aláìsàn láyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní 2003, kọ̀ǹpútà yàrá ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lemọ́lemọ́. Orúkọ àwọn aláìsàn àti oògùn tí ara wọn kọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Alákòóso ilé ìwòsàn gbà pé akọ̀wé tó ń lò ó ló kó fáírọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀. Opó ni akọ̀wé náà, ọmọ rẹ̀ sì kéré. Alákòóso ti ní kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Kóòdù àkọ́kọ́ tọ́ka sí mẹ́mórì. Ìyá wa pààrọ̀ mẹ́mórì, wọ́n ní ó ti tán. Kò tán. Ẹ̀rọ náà tún ṣubú, kóòdù mìíràn ló sì gbé jáde. Alákòóso ní ohun tí òun ń wí nìyẹn. Ìyá wa lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ní: “Èmi ni mo yára jù, ọ̀gá. Kóòdù máa ń sọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ. Kì í sọ ẹni tó lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé ọmọbìnrin yẹn.”

Wọ́n gbé àga wọn lọ sí yàrá náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn níbẹ̀. Kóòdù tó ń jáde kò jọra: lónìí mẹ́mórì, lọ́la háàdì díìsìkì tó ń tọ́jú fáìlì. Wọ́n ní bí aláìsàn bá ń ké orí lónìí, tó ń ké ẹsẹ̀ lọ́la, ká wo oúnjẹ tó ń jẹ. Iná sì ni oúnjẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ògiri ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń se irinṣẹ́ ìtọ́jú egbò nínú ẹ̀rọ ńlá kan. Ìyá wa ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń kùn, gílóòbù á ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà á sì dákú. Wọ́n pe alákòóso, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì kan tan ẹ̀rọ náà. Ó tàn án. Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù níwájú gbogbo wọn. Wọ́n fa iná mìíràn wá fún kọ̀ǹpútà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì tún tan ẹ̀rọ ńlá náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ mira.

Alákòóso ní: “Ṣé láti ọjọ́ yìí wá, kọ̀ǹpútà la ti ń sè pẹ̀lú ọ̀bẹ ni?” Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bú sí. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sínú dúrọ́ọ̀. Olórí yàrá ìforúkọsílẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì, ó sì wà láàárín wa lónìí.

Ìyá wa kì í pẹ́ dé ilé ìjọsìn. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì máa ń tòògbé bí ìwàásù bá gùn. Pásítọ̀ mọ̀, ó sì ti dárí jì wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì ní 2014, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé nínú pálọ̀ wa. Òfin kan ni wọ́n fún wọn: ẹni tí kò bá mọ̀, kó sọ pé òun ò mọ̀.

Àìsàn ọkàn mú wọn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n bi dókítà ní gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, wọ́n sì gba ìdáhùn tó fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá wa ń ka ìwé ìròyìn sí wọn létí nígbà tí wọ́n sùn lọ. Bàbá wa mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Wọ́n ka ojú ìwé náà tán kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀.

Ìyá wa fi ọkọ wọn, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan nọ́ọ̀sì, èkejì awakọ̀ ojú irin, ẹ̀kẹta olùkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀ sáyé lọ.

Màmá, ẹ sùn re. Ẹlẹ́dàá yóò tọ́jú yín ju bí àwa ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ.