Ọ̀rọ̀ Àṣírí Tí Mo Fi Ti Kọ̀ǹpútà Gàníyù

Abúlé Olókùúta,
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, 2011.

Gàníyù ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùmù. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé wọ́n mú iná wá sí Ìgàndò lánàá? Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí Iléyá ọdún yìí yóò jẹ́ ká rí ti àmọ́dún, yóò sì jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́ nílé, kí n má tún di ẹran díndín sínú ike gbé e wá bá ọ ní Èkó bí ẹni ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn. Ara tèmi yá. Orúnkún òsì ń dùn mí díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó há sínú ọkọ̀ Oyèníran, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, abo ni méjèèjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, kí o lè mọ̀ pé owó ilé ìwé àgbà tí o san fún mi kò ṣòfò.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Lánàá tí o pe fóònù Wàsíù, tí a gun orí àpáta ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dé, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, adití kọ́ ni mí. O ní o ti dé láti Abúlé Ẹ̀gbá, o bá kọ̀ǹpútà náà tó ti parí gbogbo ohun tó ń ṣe, àmọ́ ó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kó tó lè ṣílẹ̀kùn fún ọ, Matilda ti yàrá kejì sì ní èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i. O ní kí n sọ ọ́ kíá nítorí káàdì rẹ fẹ́ tán. Mo ní mi ò ní sọ. O bẹ̀ mí, mo ní mi ò ní sọ, màá kọ ọ́ ránṣẹ́. Ni ohùn rẹ bá yí padà. O ní ọjọ́ Ẹtì ni Alàgbà Simeon onílé ìwé fẹ́ gba kọ̀ǹpútà náà, pé tí kò bá ṣí lọ́jọ́ náà ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún, pé o ò sì lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí o ti dá CD padà fún ẹni tó ni ín. Ibi tí o bá a dé nìyẹn tí káàdì fi tán.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà lórí àpáta yẹn, kálukú ń dúró de ìpè tirẹ̀, gbogbo wọn sì na etí sí mi. Matilda ti kìlọ̀ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, títí kan òun fúnra rẹ̀. Mo kàn ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí ni wọ́n ti ń méfò. Táyéwò ní orúkọ àgbò tí a pa ni. Wàsíù ní iye owó tí mo dì sí etí aṣọ ni. Bàbá Àlàó, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, wọ́n ní kí ni èmi gan-an ní tí mo ń tì í pa, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́, nítorí o ò sí nílé. Ọjọ́rú tí mo dé, o fi kọ̀ǹpútà náà hàn mí lórí tábìlì, àgbàlagbà kọ̀ǹpútà, gbogbo ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá. O ní mẹ́rìnlá irú rẹ̀ ló kù ní yàrá ẹrù ilé ìwé Alàgbà Simeon ní Ẹ̀gbẹ́dá, pé tí o bá ti lè mú ọ̀kan yìí ṣiṣẹ́, ìwọ ni wọ́n máa kó gbogbo ìyókù fún, wàá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ, wàá gbé pátákó tìrẹ náà síta. O ní Windows, ètò tó ń darí rẹ̀, tó ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, o ti lé e jáde, Linux ni o ń gbà wọlé. Mo bi ọ́ pé èló ni Linux á máa san. O ní kì í san nǹkan kan, àwa náà ò sì ní san nǹkan kan fún un. Ìyẹn ni ọkàn mi ò fi balẹ̀. Ayálégbé tí kò sọ̀rọ̀ owó, tí kò bá láńlọ́ọ̀dù ṣe àdéhùn kankan, èèyàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ni. Mo sì pinnu pé èmi ni màá ṣọ́ ọ.

Linux náà wá lọ́ra. Látàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ti ń kẹ́rù wọlé, ìlà kékeré tó wà lójú rẹ̀ kò kúrò lójú kan, o sì jókòó tì í, o ń mí kanlẹ̀. O yọ CD, o nù ún, o dá a padà. O ní bóyá inú rẹ̀ ló kéré jù. Ẹran Iléyá wà níwájú rẹ, o ò fọwọ́ kàn án, ìwọ Gàníyù tí mo mọ̀. Ó dùn mí gan-an ni.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ. Eruku ọ̀nà Ìgàndò yẹn kò mojú ẹnikẹ́ni, mo sì rí i pé ìhòòhò ni o fi kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Nígbàkígbà tí o bá ti sùn tàbí tí o jáde, ìborùn mi tó nípọn yẹn ni mo fi ń bò ó dáadáa, màá ti etí aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀, tí mo bá sì gbúròó rẹ màá ká a kúrò. Ó máa ń kùn lábẹ́ aṣọ, èmi rò pé oorun ló ń sùn. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ọ̀gá rẹ ní kí o lọ tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Abúlé Ẹ̀gbá, Matilda wá kí mi, ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó yára fa ọwọ́ padà. Ó ní ooru ti fẹ́ pa á, òun ni kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Mo ká ìborùn, mo ṣí fèrèsé, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ni ìlà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Má bínú ọmọ mi, ìyá rẹ ló kó wàhálà ọjọ́ méjì yẹn bá ọ.

Ó rìn dé ibì kan, ó tún dúró. Mo ní kí Matilda bá mi ka ohun tó kọ. Ó ní ó kọ ọ́ pé òun ń kó èdè wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní èdè wo. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Ọsirélíà, ti àwọn ará Kánádà, ti àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Mo bi í pé ta ló wà ní Ìgàndò tó máa bá Gàníyù sọ ti Ọsirélíà, kò mọ ẹnì kankan. Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo rí nǹkan kékeré kan tí kò ju ìka lọ, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Matilda ní mọ́dẹ́ẹ̀mù ni, ibẹ̀ ló ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹ̀ wá yé mi. Ayálégbé yìí kò tíì tú ẹrù ara rẹ̀ tán, ó ti ń jáde lọ pe ẹbí rẹ̀ láti ìlú òkèèrè kí wọ́n wá bá a gbé yàrá tó há, owó káàdì rẹ ni wọ́n sì ń fi wọkọ̀. Mo fa nǹkan náà yọ. Matilda káwọ́ lérí, ó ní mo ti bà á jẹ́. Mo ní kó fara balẹ̀ jàre. A ò tíì bó ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tán tí ìlà náà fi dédé sáré, ó sì sáré dé òpin.

Àmọ́ kò ní ẹ̀kọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé ta ni ọ́. Mo ní ṣé kò rí i pé àgbà ló jókòó síwájú òun ni, Matilda ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn. Mo ní kó kọ Àdíját, ìyá Gàníyù, ìyàwó ilé Olókùúta, ó ní àyè kò gbà á, la bá fi Ìyá Gàníyù sí i. Kó má yà ọ́ lẹ́nu pé orúkọ mi ló wà lójú rẹ̀. Inú mi dùn sí i púpọ̀, pé àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ẹ̀gbẹ́dá á máa rí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pa á rẹ́ tó bá di dandan.

Lẹ́yìn náà ló ní kí a mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá. Matilda kọjú sí ògiri, èmi fúnra mi fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíì. Gàníyù ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tí Matilda yíjú padà, àmì róbótó nìkan ló rí, ṣùgbọ́n ó ní kọ̀ǹpútà sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò lágbára. Inú bí mi. Orúkọ tí Alfa pè sí etí ọmọ mi ni kò lágbára. Mo ní kí Matilda bá mi pa á rẹ́, mo wá jókòó, mo ronú, mo rántí orúkọ kan tó ti wà láyà mi fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, lẹ́yìn tí Alfa pe Gàníyù tán, bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí àlùjánnà, dìde pé àwọn náà ní orúkọ tí àwọn fẹ́ fún ọmọ àwọn. Alágbàṣe ni bàbá rẹ nígbà náà, oko olóko ni wọ́n ń ro. Wọn ò tíì sọ ọ́ tí Bàbá Àlàó fi ní kí wọ́n jókòó, pé kí ni ẹni tí kò ní ebè kan fẹ́ sọ ọmọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ jókòó. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n wá bá mi nínú yàrá, wọ́n sọ orúkọ náà fún èmi nìkan, wọ́n ní kí n má pè é títí di ọjọ́ tí ọmọ yìí bá ṣe ohun tí gbogbo ojú á rí. O ò tíì pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi kú. Mi ò pè é rí, mi ò pè é fún ìwọ gan-an.

Òun ni mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Matilda wò ó, ó ní ẹ̀rọ náà ti gbà pé ó lágbára. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ kí n tó kúrò láàárọ̀ Àbámẹ́ta, nígbà tí o ò tíì dé, ṣùgbọ́n Oyèníran ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta, ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, mo wá àmì títí mi ò rí i. Tẹ olafimihan. Ọláfimíhàn. Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ nìyẹn.

Nítorí náà ni mi ò ṣe lè sọ ọ́ lórí àpáta. Ti ìkìlọ̀ Matilda wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Àlàó ló dúró sí ọ̀tún mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí ilẹ̀kùn kò tíì ṣí.

Tí ó bá ti ṣí, Matilda ní o lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí òmíràn. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù, má bò wọ́n láṣọ, kí o sì yọ mọ́dẹ́ẹ̀mù kí àwọn ayálégbé tó wọlé. Tí Alàgbà Simeon bá fún ọ ní nǹkan, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi, ojú ló jẹ́ kí n fi ọjọ́ kan gbáko kọ lẹ́tà yìí. Fi owó àkàrà sí i, kí n fi ṣe sàráà fún bàbá rẹ, àti owó ọkọ̀ tí n ó fi wá wo pátákó rẹ. Oyèníran á fún ọ ní lẹ́tà ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ẹ̀kọ tútù ni mo fi lẹ̀ ẹ́, tí etí rẹ̀ bá ṣí, èèrà ni, Oyèníran kò mọ̀wé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n bá ti gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ, pe fóònù Wàsíù. Màá ní kó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn gbọ́, kí o wá sọ orúkọ rẹ ní kíkún. Màá ti bá Bàbá Àlàó gbé àga wọn gun orí àpáta.

Ọlọ́run tó bá wa mú ayálégbé yẹn wọlé láìjà láìta yóò mú ìwọ náà wọ ilé ara rẹ. Gbogbo ilẹ̀kùn tó bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, yóò ṣí nígbà tí o bá dáhùn. Wàá jẹ èrè bàbá rẹ, wàá sì sin èmi náà ní ọjọ́ alẹ́. Àmín.

Ìyá Gàníyù ni mo kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé, nítorí ojú ayé. Ṣùgbọ́n níbí tí èmi àti ìwọ wà,

Èmi ni,
Ìyá Ọláfimíhàn.