Ẹ̀sùn Lórí Bí Ìlà Fíìmù Wa Ṣe Di Ìlà Ìrẹsì

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Àdúgbò Ìpọ̀nrí,
Surulere, Èkó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Sinimá Aláwọ̀ Méje,
Ìtòsí Costain,
Surulere, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ Ọ̀GBẸ́NI DÉBỌ̀ TÓ Ń ṢỌ́ GÉÈTÌ YÍN, FỌ́TÒ MI TÓ WÀ LÁRA GÉÈTÌ NÁÀ, ÀTI ÀPÓTÍ MÀMÁ ÀGBÀ WA

1. Mo kí yín, Ọ̀gá. Orúkọ mi ni Ummulkhair Abọ́dúndé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ mọ ojú mi, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi, nítorí láti Sátidé ni fọ́tò mi ti wà lára géètì yín, tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ má jẹ́ kí eléyìí wọlé." Fọ́tò náà kò dára. Mo la ẹnu sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni olórí ẹ̀sùn mi.

2. Olórí ẹ̀sùn mi ni ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà wa, Alhaja Sìdíkàt, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ṣe fíìmù "Àgbàlá Oníjà" tí ẹ ń fi hàn báyìí wá ya apá kan rẹ̀ nílé wa. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn kúrò lójú kámẹ́rà. Màmá ní ẹ̀wà lòun ń ṣà, òun ò sì ní tìtorí kámẹ́rà gbé ẹ̀wà òun wọlé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n bá yà á mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìpolówó fíìmù náà ti jáde lórí fóònù, ìjà kò tán nílé wa, nítorí ẹ̀yìn orí Màmá nìkan ló hàn níbẹ̀. Bùrọ̀dá Awwal, àbúrò bàbá mi, ní irú gèlè bẹ́ẹ̀ kún ọjà Tejuoso, pé ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Àwọn ará àdúgbò wá ń pe Màmá ní "Òṣèré Ẹ̀yìn Orí". Màmá kò wọ sinimá rí láyé rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ó rí ojú ara rẹ̀, kí àwa náà sì rí i. Ọjọ́bọ̀ yìí ni ẹ kọ pé ẹ óò fi fíìmù náà hàn kẹ́yìn.

3. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ọgọ́rin ènìyàn tó bá kọ́kọ́ dé ní Sátidé ni yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò sì rí àwọn òṣèré lójúkojú. Èmi àti Jennifer ọ̀rẹ́ mi dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò tíì bọ́jú. Màmá dé ní aago méje pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀, Jennifer sì fi ipò kejì sílẹ̀ fún un. Kí ìjà má baà wà, mo ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní báńkì àti ní ọsibítù: mo mú ìwé bàọ́lọ́jì mi, mo kọ orúkọ oníkálukú sẹ́yìn rẹ̀, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà lórí ègé ìwé. Kò sí ẹni tó ti ẹnì kejì rẹ̀.

4. Ọ̀gá, yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi wá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá dì í sínú àpò, tírélà méjì kò lè kó o tán. Onímárúwá kan dá ọkọ̀ dúró láti bi wá bóyá físà ni wọ́n ń fún wa. Ọkùnrin kan tó mú búrẹ́dì dání ní, "Ẹ wo àwọn olórí ọ̀la! Tí wọ́n bá ní kí ẹ jí báyìí nítorí ìdánwò, ẹ ò ní jí." Obìnrin kan tí kò mọ̀ mí rí ní òun máa fẹjọ́ mi sun ìyá mi. A fara da gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù ní Surulere, awọ ara rẹ̀ ti le.

5. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ ń ṣe. Òun mọ ìdí tí a fi tò. Nígbà tó rí Màmá lórí àpótí níwájú, ó pariwo débi tí wọ́n fi gbọ́ ọ lódìkejì títì: "Háà, Màmá, ẹ̀yin náà? Ṣé ìrẹsì lẹ bá wá ni? Wọn ò tíì gbé e dé o!" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ń wo iwájú.

6. Obìnrin kan tó ń kọjá kò mọ̀ pé àwàdà ni. Ó wo ìlà, ó wo Màmá, ó wo èmi tí mo ń kọ orúkọ, ó sì fa fóònù yọ. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, gbogbo Ìpọ̀nrí ti dé, pẹ̀lú ìdajì Mushin. (Jennifer ní kí n kọ òótọ́: wọ́n lé díẹ̀ ní igba.) Wọ́n gbé báàfù, wọ́n gbé garawa, wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti fọ̀. Bàbá kan gbé ìkòkò tó ṣì gbóná wá. Kàkà kí Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ sọ fún wọn pé fíìmù ni, ẹ̀rín ló ń rín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

7. Ní aago mọ́kànlá, àwọn òṣèré dé, kò sì sí ìrẹsì nínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ bá yí. "Fíìmù? Torí fíìmù la ṣe ń jó nínú oòrùn? Ebi ò tíì pa ẹ̀yin ọmọ yìí dáadáa!" Bàbá oníkòkò na nọ́ńbà rẹ̀ sókè, ó ní ẹ̀tọ́ òun ni, kí wọ́n mú ohun tí wọ́n bá ní wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì. Àwọn òṣèré yí ọkọ̀ wọn padà, ẹ sì tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa síta. Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ nawọ́ sí mi níwájú yín pé èmi ni mo pe àwọn ènìyàn náà. Ibi tí mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé ni ẹ ti ya fọ́tò yẹn.

8. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ọ níbòmíràn. Obìnrin tó fa fóònù yọ yẹn kọ́kọ́ bi mí pé kí ni wọ́n ń pín. N kò sọ pé ìrẹsì ni, n kò sì sọ pé kì í ṣe ìrẹsì. Mo ní, "Ẹ gba nọ́ńbà ná." Gbogbo àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà ni mo fún ní nọ́ńbà, títí ìwé bàọ́lọ́jì mi fi kún. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Wọ́n ti fi wá ṣẹ̀sín láti àárọ̀, ó wá dùn mọ́ mi láti rí ènìyàn tó ń bẹ̀ mí kí òun lè tò sẹ́yìn wa. Ẹ fìyà rẹ̀ jẹ mí. Màmá ò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà.

9. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò jókòó síta mọ́. Ó ní òun kò ní padà síbi tí wọ́n ti sọ òun di alágbe ìrẹsì lójú ọmọ-ọmọ òun. A gbàgbé àpótí rẹ̀ sọ́dọ̀ yín nínú rúkèrúdò yẹn. Mo kọjá lánàá: Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ ló jókòó lé e, ó ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ fọ́tò mi.

10. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kí Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí náà wá sílé wa, kí ó sì bẹ Màmá pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi pariwo, kí àwọn ará òdìkejì títì lè gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò mi kúrò. Bí ẹ kò bá ní yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó dára wá. A ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a kò tọrọ ọ̀fẹ́ mọ́. Bó bá sì jẹ́ èmi nìkan ni ẹ kò fẹ́ rí, Jennifer yóò mú Màmá wọlé, èmi yóò dúró síta. Géètì yín kò ṣàjèjì sí mi.

11. Màmá kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bó ti ń ṣa ẹ̀wà nínú yàrá, ó bi mí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, pé aago mélòó ni sinimá máa ń ṣílẹ̀kùn ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní aago mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ la máa dé. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró tó bi Ọ̀gbẹ́ni Débọ̀ pé kí ni wọ́n ń pín, ẹ jọ̀ọ́, kí ó sọ pé fíìmù ni, àti pé ìyá tó wà níwájú yẹn wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín tó ṣì wà lórí ìlà,

Ummulkhair Abọ́dúndé
Akọ̀wé Ìlà, Nọ́ńbà Kìíní