Ìbọ̀sẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kejìlá. Àdúgbò Ìsìkàn.

Mo kó ìbọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tí mo fọwọ́ rán fáwọn ọmọ lọ bá Àlàájà, aránṣọ Ọjà Ọba, kí wọ́n bá mi fi maṣíìnì rán etí rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Mọ́mì Tolú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ rán fún wọn. Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ kan ni Bàbá ní látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí wọ́n bá ra ìbọ̀sẹ̀ l'Óǹdó, Màmá á tọ́jú ẹyọ tí Bàbá ò wọ̀. Bọ́dún bá dé, á rọ ẹ̀pà àti súìtì kúnnú rẹ̀ fún wa. Ẹ̀pà yẹn máa ń rùn bí aṣọ tuntun.

Mo sáà ní kò sí ìkejì. Nílé wa, ẹsẹ̀ kan ni ti Bàbá, èkejì ni ti Kérésìmesì.