Bàbá Ọkọ Mi Wà Lórí Wáyà

Ẹ dákun, ẹ má kọ́kọ́ bú mi... èmi ni mò ń so wáyà tẹlifóònù ní Atakpamé, fún àwọn tó ń kọ́ ìsédò Nangbéto, dáàmù tí wọ́n fẹ́ fi sé odò. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá wa máa ń bá Nangbéto, Elavagnon àti Glei sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹnì kan, etí ẹni púpọ̀. Èmi ni mo máa ń pe orúkọ ẹni tó wà nídìí tẹlifóònù níbi kọ̀ọ̀kan, tó bá ti dáhùn, mo so ó mọ́ àwọn yòókù. Tó bá wá ku ọ̀rọ̀ tí kò kan Glei, màá pe ẹni tó wà ní Glei lórúkọ pé ó dàbọ̀, màá sì yọ wáyà rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá ọkọ mi ni wọ́n fi sídìí tẹlifóònù Glei láìpẹ́ yìí. Ìyàwó ilé wo ló ń pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ nílẹ̀ wa? "Àlò, Bàbá" ni mò ń sọ, wọ́n á dáhùn, mo so wọ́n. Ṣùgbọ́n àtiyọ ńkọ́? Kí èmi ìyàwó ní kí Bàbá máa lọ, kí n já wáyà mọ́ wọn létí? Ojú tì mí... mo fi wáyà sílẹ̀.

Bí Bàbá ṣe gbọ́ orúkọ àwọn abúlé tí omi máa bò nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì fẹ́ kó jáde. Wọ́n sọ fún ẹbí, ẹbí sọ fún ará, ó di iṣu ata yán-an yàn-an, àwọn èèyàn ń sáré ta ewúrẹ́. Ta wá ni ọ̀gá ń fura sí? Akọ̀wé tó máa ń dáhùn tẹlifóònù ní Elavagnon, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èmi ń gbọ́ ọ lórí wáyà, mo dákẹ́... ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ọkọ mi ní kí n panu mọ́. Ó ní, "Tí o bá jẹ́wọ́ tí iṣẹ́ rẹ bọ́, o lè rí òmíràn. Bàbá mi ńkọ́?"

Bí oṣù yìí bá parí, wọ́n á lé akọ̀wé yẹn. Ṣé kí n jẹ́wọ́, kí ilé ọkọ dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́? Àbí kí n dákẹ́, kí ọmọ tuntun yẹn máa jìyà ìdákẹ́ mi? Bàbá gan-an ò mọ̀ pé ó yẹ kí n ti yọ wáyà wọn, wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló kó bá akọ̀wé. Lánàá wọ́n ní kí n bá àwọn kí akọ̀wé náà, pé àwọn ń gbàdúrà fún un... ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹnu wo lẹ máa fi sọ ọ́ fún wọn?