Ẹsẹ̀ Màmá àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Tuntun

                                        Ilé Ìwòsàn Alábọ́dé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá.

Afínjú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ó yẹ kí n ti kọ̀wé tipẹ́. Má bínú, ara mi ni kò balẹ̀. Mo ti dìde nídìí ìwé yìí, mo lọ wo iná, mo lọ wo ilẹ̀kùn, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ìjọba ti fún wa lówó tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kì í ṣe owó ọ̀dà ilé o, owó èèyàn ni: dókítà, agbẹ̀bí, apòògùn àti nọ́ọ̀sì tó ń wo egbò, kí gbogbo wa lè jọ máa tọ́jú aláìsàn kan náà. Láràárọ̀ la máa ń jókòó yí tábìlì ká, kálukú á sọ ẹni tó ń kọ ọ́ lóminú. Dókítà á wá máa pa "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" fún mi, bíi pé òun ló bí òwe.

Èmi tí mo ti ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí a ti jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì! Inú mi dùn, ó tún ń bí mi. Ẹnu ọ̀nà mi ni àwọn ará abúlé ṣì ń rọ́ wá. Dókítà á jókòó sí yàrá rẹ̀ bí ìyàwó tuntun, wọn ò ní wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n ní èmi Abẹ́rẹ́ làwọn mọ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, ó ń dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti sọ pé bí àwọn bá dé lópin ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ṣì ń káwọ́ gbera, abúlé mìíràn ni àwọn máa gbé owó náà fún.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀rọ̀ Màmá fi dé. O mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn fínra. Egbò kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹsẹ̀ wọn, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń dì í. Mi ò dárúkọ wọn nídìí tábìlì rí. Ṣebí ìyá mi ni, ta ló tún kàn? Mo ní Màmá ò ní gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n, mo sọ ọ́ títí èmi fúnra mi gbà á gbọ́. Egbò ò san. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ ń dúdú, mo ń yára dì í kí n má baà rí i.

Apòògùn ló tú àṣírí mi. Nídìí tábìlì ló ti bi mí pé, "Àǹtí, báńdéèjì ń tẹ̀lé yín relé lójoojúmọ́. Ta lẹ̀ ń dì nílé?" Ojú tì mí, mo sọ fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, dókítà àti nọ́ọ̀sì náà tẹ̀lé mi délé. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ Màmá. Wọ́n kí wọn tán, àfi bí Màmá ṣe na ẹsẹ̀ sí nọ́ọ̀sì wẹ́rẹ́. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí àwọn gé ìka náà, pé tí gbogbo wa bá pawọ́ pọ̀ tọ́jú rẹ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kó má bọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Egbò ti ń pọ́n wá báyìí, ó ti ń san. Màmá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí wọn pé nọ́ọ̀sì tuntun lọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì ti ń kanlẹ̀kùn àwọn yòókù. Ohun tó ń dà mí láàmú ni èyí tí Màmá sọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń di ẹsẹ̀ lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí màá kó ọwọ́ mi sí. Mo gbé abọ́ omi, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e. Màmá fà mí láṣọ. Wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi. Látìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti ń dùn mí, òun nìkan lò ń wò. O ò wo ojú mi."

Mo jókòó, mo wo ojú wọn. Ọ̀rẹ́ mi, Màmá ti darúgbó, èmi ò mọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé àwọn ìbejì jó.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ títí ayé,
                                        Abẹ́rẹ́.