Òyìnbó tó gba kíláàsì Rónkẹ́

Okitipupa, ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹsàn-án, 1964

Rónkẹ́ ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lánàá ni ọ̀gá ilé ìwé tí Rónkẹ́ ti ń ṣe tíṣà gba kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀ fún òyìnbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ní kí Rónkẹ́ lọ wá iṣẹ́ sí Àjàgbà. Lónìí, òyìnbó náà wá kí wa. Àlejò ni, mo gbé púpurú, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, fún un.

Mo ní kí Rónkẹ́ bi í bóyá ó ti kọ́ ọmọ rí. Ó ní rárá, bàtà lòun ń tà nílé, kò sí iṣẹ́ gidi lọ́hùn-ún.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wá rí lára rẹ tí wọ́n fi gbà ọ́?"

Ó ní nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìyá òun.

"Ó dáa. Kí wọ́n mú èmi náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí n máa kọ́ wọn ní èdè Ìkálẹ̀ wa."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Rónkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Kó tó lọ, ó bẹ Rónkẹ́ pé kó wá lọ́jọ́ Ajé, kó wá fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ni han òun. Ọmọ yìí sì gbà! Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

"Màmá, àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ìdánwò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀."

Ó ti rẹ̀ mí. Kó pa ìwé yìí dé, kó lọ sùn.