Ta Ló So Ẹ̀rọ Omi Wa Lókùn?

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ìsàlẹ̀ Àdúgbò,
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Keje.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín ti fúyẹ́? Ara tiwa le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

O rántí yàrá abẹ́ ilé wa, níbi tí a gbẹ́ kòtò sí, tí ẹ̀rọ ń fa omi òjò jáde? Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ráhùn pé ariwo ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí àwọn sùn lọ́sàn-án. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara dà á, torí òun ni kì í jẹ́ kí omi kún inú ilé.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, omi ti mù mí dé orúnkún. Búláńkẹ́ẹ̀tì tí màmá mi ń fi àgékù aṣọ ìkókó àwọn ìbejì rán kí màmá tó kú, inú omi ni mo ti bá a. O mọ̀ pé n kò yọ abẹ́rẹ́ wọn kúrò níbi tí wọ́n rán an dé. Abẹ́rẹ́ náà ti dípẹtà báyìí, aró àwọn àgékù pupa sì ti ṣàn bo gbogbo aṣọ náà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mi orí, wọ́n ní ẹ̀rọ ti kú, ká lọ ra tuntun. Ọkọ mi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bẹ kòtò wò nínú wọn. Lẹ́yìn tí mo gbọ́n omi tán, mo yọ waya iná, mo fọ ẹrẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo wo páìpù, kò dí. Àfi ìgbà tí mo kan bọ́ọ̀lù tó máa ń léfòó, èyí tó ń tan ẹ̀rọ bí omi bá gbé e sókè. Ẹnì kan ti fi okùn so ó mọ́ ìsàlẹ̀ páìpù, kókó méjì gbagidi. Mo bi gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Mo tú u, mo ki waya padà, mo da omi garawa kan sínú kòtò bí o ṣe kọ́ mi. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi látòkè: “Ta ló tú okùn tí mo so?”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa gan-an ló wọ́ ọ. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n òun ni, aṣọ lásán sì ni, kí n ra òmíràn. Mo bi í pé ta ni yóò rán an.

Lánàá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn ò mọ̀ pé òjò máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kò burú, sà. Irọ́ ni mo pa, ọ̀rẹ́ mi. Ó burú.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Kí màmá yín dáadáa fún mi, kí o sì gbé ohunkóhun tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn rán fún ọ sí ibi tó ga.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tínú ṣì ń bí,
Ìyá Ìbejì.